Gíà Ọ̀tò Tó Ń Lọ́ra Nínú Píkọ́ọ̀pù Dísù Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń wa píkọ́ọ̀pù dísù àtijọ́ tó ní gíà ọ̀tò ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ la kọ èyí fún: Toyota Hilux, Nissan Navara, Mitsubishi L200, àti àwọn ńláńlá ará Amẹ́ríkà bíi Ford F-250 oní ẹ́ńjìnnì 7.3 àti Dodge Ram oní ẹ́ńjìnnì Cummins. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ́ra, ọ̀dọ̀ onígíà ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ tààrà, onígíà á sì ní kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ gíà kalẹ̀ kí ẹ tó yẹ ọ́ìlì gíà, họ́ọ̀sì tọ́bò, fílítà dísù àti wáyà wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Mo tẹ iná, ọkọ̀ ń wò mí kó tó gbéra. Ṣé gíà ló ti lọ?

Ẹ má tíì dájọ́. Nígbà tó bá tún ṣe é, ẹ wo aago RPM (tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíá tó) lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá tẹ iná tí ọwọ́ aago sáré gòkè, ká ní láti 1,500 bọ́ sí 3,000, tí eré ọkọ̀ ò sì yí padà, agbára ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n kò dé ẹsẹ̀ táyà. Gíà ló ń yọ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá tẹ iná tí ọwọ́ aago ò fẹ́ kúrò lójú kan, tó kàn ń rọra gòkè, tí èéfín dúdú ń tú jáde lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára. Gíà ń dúró dè é ni. Ohun tó máa ń tan awakọ̀ jẹ níbí ni pé bí ọkọ̀ bá ti rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn á máa tẹ iná jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Gíà ọ̀tò sì ń wo ibi tí pẹ́dálì iná wà kó tó mọ ìgbà tó máa yí. Tó bá rí i pé ẹ tẹ ẹ́ jìn, á rò pé ẹ fẹ́ sáré tàbí pé ẹrù pọ̀, á wá di gíà kejì mú pẹ́, á sì yí pẹ̀lú ìjágbà. Gbogbo àmì rẹ̀ á jọ ti gíà, bẹ́ẹ̀ fílítà dísù ló dí.

Oríṣi kẹta wà: ọwọ́ aago ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, lórí eré kan náà, láìjẹ́ pé ẹ yí ẹsẹ̀ padà. A máa dé orí ìyẹn níwájú.

Báwo ni mo ṣe máa wọn ọ́ìlì gíà bó ṣe yẹ?

Bí ẹ ṣe ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì gbóná dáadáa, nítorí ọ́ìlì gíà máa ń wú tó bá gbóná. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe etí gọ́tà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fa handbrake, ẹ fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí ẹ́ńjìnnì wà ní títàn. Ẹ ti ọ̀pá gíà láti P lọ sí R, N, D, 2 àti L, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá dá a padà sí P. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ gééjì, ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ tán pátápátá, ẹ tún yọ ọ́. Ojú ibi tí wọ́n kọ HOT sí ni ẹ máa wò.

Dodge Ram àtijọ́ yàtọ̀: N ni ẹ máa fi sí kí ẹ tó wọn ọ́n, torí pé ní P, ọ́ìlì kì í dé inú torque converter (ìkòkò ọ́ìlì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà), òǹkà tí ẹ máa rí á sì parọ́ fún yín. Ní ti Hilux oní gíà márùn-ún, A750F, kò ní gééjì rárá. Ihò kan tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dí ló wà lára pan (àwo ọ́ìlì ìdí gíà), ìwọ̀n ooru tí ìwé ọkọ̀ sọ ni wọ́n sì ń ṣí i, pẹ̀lú sikánà tó ń ka ooru ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní òun á fi ojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ má gbé e fún un.

Tí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ìdajì lítà ni kí ẹ máa fi kún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wọn ọ́n. Ẹ má ṣe rò pé púpọ̀ dára. Tó bá pọ̀ jù, àwọn irin tó ń yí nínú gíà á máa pò ó, á hó ìfófòó, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, pọ́ǹpù ò sì lè fi ìfófòó ti kílọ́ọ̀ṣì (àwọn àwo inú gíà tó ń di ara wọn mú kí agbára lè kọjá). Ọkọ̀ á lọ́ra gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọ́ìlì kéré.

Irú ọ́ìlì wo ni kí n rà?

Èyí tí wọ́n kọ sára gééjì tàbí sínú ìwé ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí ọmọ ìta ṣọ́ọ̀bù bá nawọ́ rẹ̀ sí yín. A750F ti Toyota ń lo ATF (ọ́ìlì gíà ọ̀tò) WS. Navara ń lo Matic J tàbí Matic S. L200 ń lo SP-III. Dodge ń lo ATF+4, Ford tó ní gíà 4R100 sì ń lo Mercon. Pípupa ò sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Ìwọ̀n ìyọ̀ tí wọ́n ṣe sínú wọn yàtọ̀, ìyẹn ló sì ń pinnu bóyá kílọ́ọ̀ṣì á di ara mú tàbí á máa gbọ̀n.

Kí ni àwọ̀ ọ́ìlì ń sọ?

Ẹ kán an sórí tíṣù funfun, kí ẹ jẹ́ kó tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá pupa tó mọ́ tàbí pupa tó ti ń dúdú díẹ̀ láìrùn, kò sí wàhálà. Bó bá dúdú bíi kọfí, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí ẹ sì rí èérún dúdú láàrin tíṣù, kílọ́ọ̀ṣì ti ń jó. Ọ́ìlì tuntun nìkan ò ní wo ìyẹn sàn. Bó bá ní àwọ̀ osùn tí wọ́n fi mílíìkì lù, omi rédíétọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa ọkọ̀ náà síbẹ̀.

Omi rédíétọ̀ ṣe máa dé inú gíà?

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni kúlà ọ́ìlì gíà wà, nínú táńkì ìsàlẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbẹ́. Bí irin kúlà yẹn bá jẹ tàbí tó là, omi àti ọ́ìlì á rí ara wọn. Àwọn Nissan àsìkò 2005 sí 2010 lórúkọ fún èyí gan-an. Omi kúlántì máa ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ awọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin, ìdí nìyẹn tí gíà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá fi lè kú láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀, tàbí kí ẹ dí ojú kúlà inú rẹ̀ kí ẹ gbé kúlà ti ara rẹ̀ síwájú, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣan gíà títí ọ́ìlì á fi jáde ní mímọ́. Ìṣàn ẹ̀ẹ̀kan kì í tó, nítorí èyí tó pọ̀ wà nínú torque converter. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń wà á bẹ́ẹ̀, ẹ múra fún títú gíà. Ní tiwa, Navara àsìkò yẹn tí rédíétọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, à á pààrọ̀ rédíétọ̀ náà kó tó dá ọ̀ràn.

Mo fi sí D tàbí R, ó pẹ́ kó tó mú. Ìgbà wo ló ti pẹ́ jù?

Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí AC (ẹ̀rọ amúlétutù) wà ní pípa, kí ẹ fi fóònù ka àkókò láti N sí ìgbà tí ọkọ̀ bá mì díẹ̀. Ní ti Toyota, N sí D kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 1.2 lọ, N sí R kò sì gbọdọ̀ ju 1.5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan láàrin wọn, kí ẹ mú ìwọ̀n àárín.

Ìgbà tó ń pẹ́ ló ń fi ibi tó ń dùn ún hàn. Tó bá jẹ́ òwúrọ̀ nìkan, ní títàn àkọ́kọ́, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò nínú torque converter mọ́jú, pọ́ǹpù sì gbọ́dọ̀ kún un padà. Ó ń bíni nínú ṣùgbọ́n kì í pa gíà lójú ẹsẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó ti gíà. Tó bá tutù tó ń lọ́ra, tó sì dára bó bá gbóná, rọ́bà síìlì inú kílọ́ọ̀ṣì ti le. Tó bá tutù tó dára ṣùgbọ́n tó ń burú sí i bó ṣe ń gbóná, pọ́ǹpù tàbí síìlì ti jẹ, ọ́ìlì gbígbóná tó ti fẹ́lẹ́ ń rí ọ̀nà sá lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kó dẹ́rù bani. Tó bá jẹ́ R nìkan ló ń pẹ́, kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́ fún rìfáàsì ni kí onígíà dójú lé.

Àmọ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀, fílítà inú pan tó ti dí lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú èyí, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Ẹ ní ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Họ́ọ̀sì tọ́bò ni àkọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ lé e láti ẹnu tọ́bò dé intercooler (kúlà atẹ́gùn tọ́bò), àti láti ibẹ̀ dé ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ya kì í sábà hàn lókè. Ìsàlẹ̀ ni, lábẹ́ kílíìpù, níbi tí ọ́ìlì ti rọ rọ́bà náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ fi ìka wá abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bá ọ́ìlì dúdú pẹ̀lú eruku tó lẹ̀ mọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jáde. Bí ẹlòmíì bá tẹ iná tí ẹ gbọ́ fíììì, òun nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn, ẹ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì.

Lẹ́yìn náà, fílítà dísù. Dísù tó ní omi ò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, pàápàá èyí tí wọ́n tà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí fílítà, kí ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ìgò tó mọ́lẹ̀ kedere. Omi á sọ̀ sísàlẹ̀ ní tirẹ̀, dísù á wà lókè. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ sì wo ìdí táńkì. Fílítà atẹ́gùn náà wà níbẹ̀: lásìkò ọyẹ́, eruku ojú ọ̀nà oko lè dí i kíá.

Lórí sikánà, kódù P0299 túmọ̀ sí pé tọ́bò ò fún ẹ́ńjìnnì ní atẹ́gùn tó yẹ, P0087 sì ní ìtì epo (agbára tó ń ti epo) ò tó. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ṣì lè fi gíà sílẹ̀.

Ní nǹkan bíi 70 lórí ọ̀nà Gbọ̀ngán, ó máa ń gbọ̀n bí ẹni gun ọ̀nà oníjàgajàga. Kí ló dé?

Bó bá ń gbọ̀n láàrin 60 sí 80 kìlómítà, tí ẹ fẹsẹ̀ kan iná díẹ̀ lásán, ẹ dán èyí wò: ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ rọra fi ẹsẹ̀ òsì kan pẹ́dálì bíréèkì títí iná ẹ̀yìn á fi tàn. Bí gbígbọ̀n náà bá dá wẹ́rẹ́, lock-up (kílọ́ọ̀ṣì tó ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà) inú torque converter ni, nítorí bíréèkì máa ń pàṣẹ fún un kó tú. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì sí ojúlówó tó bá a mu. Ó máa ń tán níbẹ̀ bí ọ́ìlì bá ti gbó. Bí kò bá tán, converter ló máa jáde, nígbà míì pẹ̀lú solenoid rẹ̀ (fáálù oníná kékeré tó ń darí ọ́ìlì). Kódù rẹ̀ ni P0741.

Bí gbígbọ̀n ò bá dá, ẹ wo cross joint ti pòròpẹ́là (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíà lọ sẹ́yìn), síìtì gíà (rọ́bà tó gbé gíà dúró), àti nọ́súlù ẹ́ńjìnnì. Síìtì gíà tó ti já máa ń pariwo "gbàù" nígbà tí ẹ bá ń gbéra, àwọn èèyàn á sì máa pe ìyẹn náà ní gíà.

Lónìí ó dára, lọ́la ó tún bẹ̀rẹ̀. Onígíà sọ pé òun ò rí nǹkan kan.

Ẹ wá rewáyà tó mọ iṣẹ́. Àrùn tó ń lọ tó ń bọ̀, wáyà ló sábà ń fa irú ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bátìrì: ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 12.6 fóòtì (volt) bí ọkọ̀ bá sinmi, àti láàrin 13.8 sí 14.4 bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ yẹ wáyà ẹ́ẹ̀tì (earth) wò. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti iná iwájú, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí ara gíà, ìkejì sórí orí bátìrì tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Tó bá ju 0.2 fóòtì lọ, ẹ́ẹ̀tì yẹn ti jẹrà. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ tún un dè.

Ẹ wá yí mítà sí AC (fóòtì AC, kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù), kí ẹ wọn orí bátìrì méjèèjì. Bó bá kọjá 0.5 fóòtì, dáódù inú ọ́tánétọ̀ (alternator, tó ń fi iná sí bátìrì) ti ń bàjẹ́. Ní Dodge Cummins, ariwo iná yẹn máa ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ pẹ́dálì, lock-up á wá máa di mú, á máa tú, lójú kan náà. Ọwọ́ aago tó ń jó tí a sọ lókè nìyẹn. A ti rí i tí wọ́n pààrọ̀ torque converter nítorí ọ́tánétọ̀.

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wáyà tó wọ ara gíà. Bí ọ́ìlì bá kún inú rẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá ti ní ìpẹtà àwọ̀ ewéko, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ nínú ọgbà láìrìn, ẹ wo wáyà bóyá èkúté ti jẹ ẹ́. Lórí sikánà, ẹ rọra tẹ pẹ́dálì iná láti òkè dé ìsàlẹ̀: òǹkà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfò. Solenoid alátàn-pípa ti Toyota yẹ kó wà láàrin 11 sí 15 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) nígbà tó bá tutù. Iná O/D OFF tó ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ní Toyota àti Ford, túmọ̀ sí pé brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ti kọ àṣìṣe kan sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kà á kí wọ́n tó pa á rẹ́. P0700 nìkan kò sọ nǹkan kan. Kódù tó tẹ̀ lé e ni ẹ ń wá. Ní Ford tó ní gíà E4OD, sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ibi tí ọ̀pá gíà wà, lára gíà lápá òsì, ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Tèmi kò ní brain box fún gíà. Kébù ló ti ibi iná wá sí gíà.

Kébù yẹn ló ń sọ fún gíà bí ẹ ṣe tẹ iná tó. Bó bá dẹ̀, gíà á yí láìpẹ́, yíyí rẹ̀ á rọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Bó bá le jù, á pẹ́ kó tó yí, á sì gbáni. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tẹ iná dé ìsàlẹ̀ pátá, kí ẹ sì rí i pé kébù náà dé òpin ìrìn rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ tí kébù rẹ̀ ti já, kódà kí ẹ kàn fẹ́ dé Ọ̀láìyá, torí ìtì ọ́ìlì tó kéré á jó kílọ́ọ̀ṣì.

Ṣé òótọ́ ni pé bí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì gíà tó ti gbó, gíà á kú?

Èyí tó kú lẹ́yìn ìpààrọ̀ ti ń kú tẹ́lẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó ti jó tán máa ń rí ìdìmú díẹ̀ lára èérún tó wà nínú ọ́ìlì àtijọ́. Bí wọ́n bá mú un kúrò, ó tán. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá ti dúdú tó ń rùn tí gíà sì ń yọ̀, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Bí kò bá yọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi ipá ṣan án. Ẹ sọ pan kalẹ̀.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí pan, kí ẹ gba ọ́ìlì sínú ike tó ní ìlà lítà, kí ẹ mọ iye tó jáde. Ẹ tú pan, kí ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Ẹrẹ̀ eérú tó rọ̀, tó fẹ́lẹ́ bí ìpara, kò burú. Èérún irin tó ń gún ọwọ́, tàbí idẹ tó ń dán bíi wúrà nínú ọ́ìlì, burú: búṣì tàbí bíárìn ti ń lọ. Ẹ pààrọ̀ fílítà àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀tì pan ti gíà A340 Toyota ò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 7 Nm (ìwọ̀n ipá ìdè), ọwọ́ lásán pẹ̀lú ràtíṣẹ́ẹ̀tì kékeré. Àwọn tó ń fi gbogbo agbára dè é ló ń tẹ etí pan, tí á sì máa jò.

Iye tó jáde ni kí ẹ dá padà, kí ẹ tó wá wọn ọ́n ní gbígbóná. Ju ìdajì ọ́ìlì ló ṣì wà nínú converter àti àwọn ibòmíì nínú gíà, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà.

Oògùn inú ìgò tí wọ́n ní ó ń tún gíà ṣe ńkọ́?

Ẹ fi owó rẹ̀ ra fílítà.

Bí mo bá kó iṣu lọ sí apá Iléṣà, ó ń lọ́ra lórí òkè nìkan.

Ooru ni. Bí gíà bá ń fò láàrin kẹta àti overdrive (O/D, gíà tó ga jù) lórí òkè, ó ń gbóná lọ́nà méjèèjì. Ẹ pa overdrive kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ẹ má dúró kó tó rẹ̀ ẹ́. Ní sísọ̀kalẹ̀, ẹ lo 2 dípò kí ẹ máa tẹ bíréèkì. Ẹ fọ eruku àti kòkòrò tó dí ojú rédíétọ̀ àti kúlà.

Kúlà lè dí nínú pẹ̀lú. Ẹ tú páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sínú gíà, kí ẹ fi sínú ike, kí ẹlòmíì tan ẹ́ńjìnnì láìtẹ iná, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré. Ó yẹ kí nǹkan bíi lítà kan jáde. Bó bá kàn ń kán, kúlà ti dí tàbí pọ́ǹpù ti rẹ̀. Ẹ dá iye tó jáde padà.

Onígíà fẹ́ ṣe stall test. Ṣé kí n gbà?

Bí bíréèkì yín bá dára, tí ẹ fi òkúta dí táyà, tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á fi sí D, tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, tẹ iná tán, ka RPM. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí wọ́n sì fi sí N kó tutù kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí RPM bá kọjá èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Bó bá kéré, ẹ́ńjìnnì ò lágbára tàbí converter ti bàjẹ́ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Gbogbo rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, gíà ló máa jáde. Kí n ra Bẹ́ljíọ̀m (gíà àlòkù láti òkè òkun) tàbí kí wọ́n tún tèmi ṣe?

Bí ara gíà yín ò bá fọ́ tí ẹ sì mọ onígíà tó ní irinṣẹ́, títún un ṣe pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì tuntun ló wù wá jù, torí Bẹ́ljíọ̀m ni ọjà tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe lò ó níbi tó ti wá. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ bá nọ́ńbà ara gíà náà dọ́gba pẹ̀lú tiyín, ẹ sì rí i pé converter rẹ̀ bá a wá. Gíà ẹ́ńjìnnì pẹtiróò lè jọ ti dísù lójú, kí converter rẹ̀ má bá agbára dísù mu. Ẹ yọ pan rẹ̀ níbẹ̀, lójú olùtajà, kí ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì. Olùtajà tí kò bá gbà, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ ṣan kúlà àti páìpù rẹ̀ kí ẹ tó so gíà tuntun, tàbí kí ẹ pààrọ̀ wọn. Èérún irin tó kú sínú kúlà nígbà tí gíà àkọ́kọ́ ń bàjẹ́ á gba ibẹ̀ wọ inú èkejì. Nígbà tí wọ́n bá ń fi converter bọ inú gíà, ó máa ń wọlé ní ìpele mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ ọ tí yóò dún kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú gíà gbọ́dọ̀ pàdé ojú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí converter sì ṣì lè yí fàlàlà. Bí wọ́n bá ń fi nọ́ọ̀tì fa méjèèjì pọ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró, torí converter ò tíì wọlé, pọ́ǹpù ló sì máa fọ́.